Ààlè Tí Titus So Sétí Odò Ẹlẹ́tu

Bí ẹ bá dé Ìnísà ní bí ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira, tí ẹ sì béèrè Titus Ògúnrìndé, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ bi yín pé, “Titus rélùwéè ni, àbí Titus alágogo?” Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹnì kan náà ni. Ọkùnrin kúkúrú gìrìpá, tó lágídí débi pé Morìnsọ́lá ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ kó jókòó, òun á ní kó dìde. Wọ́n máa ń fi agídí yẹn bú u. Èmi ò ní í bá wọn bú u, nítorí agídí náà ló jẹ́ kí n rí ìtàn sọ.

Òkukù ni wọ́n bí i sí. Ògúnrìndé bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, kì í sì í ṣe ọdẹ tó ń fi ẹnu lásán pa ẹran. Bàbá náà ò kàwé, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀, èyí tó le jù níbẹ̀ sì ni ti tàkúté: ẹni tó bá dẹ tàkúté, òun ló ni ín, òun ló sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Nígbà tí Titus wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ó dẹ tàkúté kan sẹ́yìn oko iṣu, ó sì gbàgbé ẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nílé-ìwé. Ọjọ́ kẹrin ló tó rántí. Òkété ti kú síbẹ̀, ó ti wú, eṣinṣin ti bò ó. Bàbá rẹ̀ ò nà án. Ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́lẹ̀, kó sin òkété náà, kó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀. Titus bú sẹ́kún. Ó ní, “Bàbá, ó ti kú, kò lè gbọ́ mọ́.” Bàbá ní, “Ìwọ ṣá ń gbọ́.”

Ilé-ìwé ìjọ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, tí wọ́n sọ ọ́ ní Titus. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó fi ìwé sílẹ̀, ó gba Ìkìrun lọ, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ lébìrà ní rélùwéè. Ọdún 1948 nìyẹn. Láti ìgbà náà, ojú irin tó wà láàárín Ìnísà àti Òkukù di tirẹ̀. Ní kùtùkùtù, òun àti Àjàní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á mú òòlù ọlọ́wọ́ gígùn àti sípánà, wọ́n á máa rìn ín lọ, wọ́n á máa fún nọ́ọ̀tì tó bá tú, wọ́n á máa ro koríko tó bá fẹ́ bo irin. Ìkìrun náà ló ti rí Morìnsọ́lá fẹ́, ọmọbìnrin aránṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀ lọ. Wọ́n kó wá sí Ìnísà, wọ́n sì bí Ọlábímpé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti agogo. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kékeré tí wọ́n ń lọ là sí méjì lọ́jọ́ kan, ìjọ ò sì rí òmíràn rà. Titus ló bẹ ọ̀gá rẹ̀ ní Ìkìrun, wọ́n fún un ní ègé irin rélùwéè kan tí kò wúlò fún wọn mọ́. Òun àti Àjàní rù ú dé, ó gbé e kọ́ sórí igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó lù ú, gbogbo Ìnísà sì gbọ́. Bó ṣe di alágogo nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ń lù ú, kò pẹ́ lẹ́yìn rí, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí Titus sọ ohun tó fi ń yangàn láyé, kò ní í dárúkọ rélùwéè. Agogo ni.

Ó dáa. Odò kékeré kan wà láàárín Ìnísà àti Òkukù tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀tìn. Odò Ẹlẹ́tu ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn ẹtu tó máa ń wá mumi níbẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Afárá rélùwéè gba orí rẹ̀ kọjá, ọ̀nà oko náà sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ayé àwọn bàbá wọn, kí ni èèyàn fẹ́ dà nù tí ilẹ̀ ò ní í jẹ? Ewé ni wọ́n fi ń di nǹkan, igbá ni wọ́n fi ń bu nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀làjú dé, agolo bá a dé: sadíìnì, mílíìkì, tòmátì. Kò sẹ́ni tó ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí i. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń la àgbélébùú sí i lórí, wọ́n á tẹ eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọnú, wọ́n á da ohun tó wà níbẹ̀ jẹ, wọ́n á sọ agolo nù. Ohun tó bá ki ẹsẹ̀ bọ irú agolo bẹ́ẹ̀, wẹ́rẹ́ ni yóò wọlé. Bó bá fẹ́ jáde, eyín mẹ́rin á gbá a mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọyẹ́ ọdún 1962, Titus àti Àjàní ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá afárá ni wọ́n gbọ́ ìró kan nínú igbó: kóló, kóló, kóló. Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Àjàní ní iwin ni, ó ti fẹ́ máa sá. Titus ní iwin wo ló ń wọ bàtà agolo? Ó ya wọ igbó.

Ẹtu kan ló bá níbẹ̀, abo, kò ga ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan wà nínú agolo tòmátì. Eyín agolo ti wọ ara lọ dé eegun, ibẹ̀ ti wú, ó ti ń rùn. Ẹranko náà ti rù hangogo. Ó gbìyànjú láti sá, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú.

“Yéè! Oríire rèé!” ni Àjàní pariwo. “Ọbẹ̀ ti délẹ̀! Titus, dì í mú kí n lọ mú òòlù!”

“Fi òòlù ẹ sílẹ̀. Wá bá mi di orí rẹ̀ mú.”

“Kí n dì í mú kí o tó pa á?”

“Kí o dì í mú kí n tú u sílẹ̀.”

Àjàní wò ó bí ẹni tó ń wo wèrè. Kì í ṣe pé Titus kì í jẹ ẹran ìgbẹ́ o! Ẹ gbé ẹtu tí ọdẹ pa síwájú rẹ̀, bóyá lẹ máa bá egungun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eléyìí yàtọ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo ojú ẹranko náà kí ẹ̀rù má baà pa á, ó yọ ẹ̀mú nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ eyín agolo náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyà ẹtu náà ń lù kìkì lábẹ́ ọwọ́ Àjàní, Àjàní fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, “Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́,” láì mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí agolo bọ́, ẹtu náà fi ẹsẹ̀ mẹ́ta tiro wọ inú igbó lọ, kò wẹ̀yìn. Àjàní ò bá Titus sọ̀rọ̀ gidi títí di ọjọ́ Ẹtì. Ọbẹ̀ ló ń dùn ún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nígbà tí wọ́n simi, Titus padà sétí odò, ó wo ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Ó rí eegun ẹsẹ̀ ẹtu mìíràn, ó ṣì há sínú agolo tirẹ̀. Ó rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ki orí bọ agolo mílíìkì, tí kò sì rí orí náà yọ títí tó fi gbẹ. Inú bí i. Kì í ṣe ìbínú kékeré. Ó jókòó sórí irin, ó ń wò wọ́n, ọ̀rọ̀ tàkúté sì wá sí i lọ́kàn. Tàkúté ọdẹ ní ẹni tó ni ín. Bó pẹ́ bó yá, á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló máa wá yẹ agolo wò? Gbogbo ìlú ló dẹ tàkúté sétí odò yìí, gbogbo ìlú ló sì gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé kò sí agolo tó tún máa mú ẹran níbẹ̀ mọ́. Èyí tí èrò ọkọ̀ ojú irin ń jù láti ojú fèrèsé kò ni ín lára. Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń ṣà á bó ṣe ń rin ojú irin lọ. Ti ará ìlú ló le. Ààtàn gidi wà lẹ́yìn ìlú, àwọn wolé-wolé ti fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n ó jìnnà díẹ̀, etí odò sì wà lójú ọ̀nà oko. Èèyàn á kàn gbé agbọ̀n ìdọ̀tí rẹ̀ dání bó ṣe ń lọ sóko, á dà á síbẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Titus gbẹ́ kòtò, ó kó àpò márùn-ún sin. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé, ibẹ̀ tún kún.

Ló bá tọ tíṣà Bọ́sẹ̀dé lọ, ọmọ Ìkìrun kan tó ń kọ́ kíláàsì kẹta nílé-ìwé. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ kó hàn gbangba.” Tíṣà fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára pátákó dúdú gbàgàdà: Ẹ MÁ ṢE DA ÌDỌ̀TÍ SÍBÍ. Titus kàn án mọ́ òpó, ó rì í mọ́lẹ̀ létí odò, ó padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, ìdọ̀tí ibẹ̀ di ìlọ́po méjì! Àwọn tí kì í da tiwọn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ń dà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan Titus bá ìyá àgbà kan tó gbé agbọ̀n dé ìdí pátákó náà. Ìyá náà rí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í súre. “Ọmọ mi, o ṣeun o. Wọ́n ní ìwọ lo bá wa bẹ gọ́múntì tí wọ́n fi sún ààtàn mọ́ wa. Ẹsẹ̀ mi ò gbé ti ọ̀hún mọ́. Ọlọ́run á sún ire mọ́ ìwọ náà.” Ó sì da agolo rẹ̀ sẹ́sẹ̀ òpó, gbàràgàdà. Titus ò mọ̀ bóyá kí òun ṣe àmín ni àbí kí òun sunkún.

Ẹ̀bi ìyá náà kọ́. Ta ló máa ń rì pátákó mọ́lẹ̀ láyé ìgbà yẹn? Wolé-wolé ni. Níbo ló máa ń rì í sí? Ìdí ààtàn. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, bó bá ti rí pátákó lórí òpó, ó ti mọ̀ pé ibi ìdalẹ̀nù nìyẹn, kò tún ní í bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí tíṣà Bọ́sẹ̀dé gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Bímpé, ẹ má bínú. Ìwé tí àwọn èèyàn yẹn mọ̀ ọ́n kà, wọn ò fi kọ́ wa nílé-ìwé olùkọ́ni.”

Tíṣà sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n Titus gbé ọ̀rọ̀ náà rin ojú irin láti Ìnísà dé Òkukù. Ìwé wo ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n kà? Àgbà mọ̀ ọ́n, ọmọdé mọ̀ ọ́n, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n. Kó tó dé Òkukù ló ti rí i. Ààlè ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ààlè mọ́. Ẹni tó bá kó igi ìdáná rẹ̀ tàbí iṣu rẹ̀ sójú ọ̀nà oko, tí kò sí níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ, á so nǹkan mọ́ ọn: àkísà, ṣúkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín òfìfo, ìgbálẹ̀ gbígbó. Ẹni tó ń kọjá lọ á rí i, á mọ̀ pé ẹrù náà ní ẹni tó ni ín, àti pé bí òun bá jí i, ilé òun á ṣófo bí ìkarahun, wọ́n á gbá òun dànù bí ìdọ̀tí. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ ọ. Ó kàn ń fì níbẹ̀ ni, olè á sì gba ibòmíràn.

Titus fa pátákó tu. Ó kó agolo ilẹ̀ sin tán, ó wá mú ìkarahun ìgbín, ṣúkù mẹ́ta, ìgbálẹ̀ tí Morìnsọ́lá ti jù nù, àti agolo tí eegun ẹtu há sí, èyí tó ti fi pamọ́, ó so gbogbo rẹ̀ papọ̀, ó gbé e kọ́ sórí ẹ̀ka igi tó nà sójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin mẹ́ta gbé agbọ̀n dé. Wọ́n dúró gbọnin. Wọ́n wo ààlè, wọ́n wo ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ààlè ni kéèyàn má mú nǹkan. Kí ni wọ́n fẹ́ ká mú níbí?” Èkejì na ìka sí agolo eléegun yẹn. Ó ní, “Kì í ṣe kí a má mú. Kí a má fi sílẹ̀ ni.” Wọ́n gbé agbọ̀n wọn padà, ó di ààtàn gidi.

Oṣù mẹ́rin gbáko, agolo kan ò balẹ̀ níbẹ̀ láti ọwọ́ ará ìlú. Titus máa ń rí ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀ láàárọ̀, tuntun, kéékèèké, yóò sì máa súfèé lọ. Àjàní ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, “Ọlọ́jà ẹtu, ṣé àwọn èèyàn ẹ jí dáadáa?” Titus á ní, “Wọ́n jí o, wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n ní wọn ò gbàgbé òòlù ẹ.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́dìn Ajíbádé, àgbà ìjọ tó ń ra kòkó, gbọ́ pé alágogo ìjọ so ààlè sétí odò. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n pe Titus síwájú ìgbìmọ̀.

“Titus,” ni wọ́dìn wí, “ṣé o ti padà sí ìbọ̀rìṣà ni?”

“Rárá o, Bàbá.”

“Kí wá lèyí tó ń fì létí odò?”

“Lẹ́tà ni, Bàbá.”

“Lẹ́tà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí tíṣà kọ, wọn ò lè kà á. Mo wá kọ èyí tí wọ́n lè kà.”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Kátíkíìsì Ọlọ́rundáre, ẹni tó ń bójú tó ìjọ náà, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Ó bi í pé, “Titus, sọ òótọ́ fún mi. Ọfọ̀ wo lo pè sí i?”

“N ò pe ọfọ̀ kankan, Kátíkíìsì. Orin ìjọ ni mò ń kọ nígbà tí mò ń so ó.”

“Èyí gan-an ló burú jù!” ni wọ́dìn wí, ó gbá tábìlì. “Ọwọ́ tó ń lu agogo Ọlọ́run kò gbọdọ̀ so ààlè. Lọ tú u kúrò. Bí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ bá dé tó ṣì wà níbẹ̀, a ó gba ọ̀pá agogo lọ́wọ́ ẹ, a ó fún Ọláníyan.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Titus lọ́kàn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà. “Ẹ̀yin àgbà, bí mo bá tú u lónìí, ilẹ̀ ibẹ̀ á kún lọ́la, ẹran á sì tún kú. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, n ò lè fọwọ́ ara mi tú u. Ẹ̀yin tí ẹ rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá tú u. Ẹnikẹ́ni nínú yín. Bí ẹ bá ti tú u, mo búra, n ò ní í so òmíràn láé, mo sì máa fi ọwọ́ ara mi gbé ọ̀pá fún Ọláníyan.”

Wọ́dìn ní, “Ó parí! Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, a ó lọ.”

Morìnsọ́lá ti gbọ́ kó tó délé. “Bàbá Bímpé! Nítorí ẹtu! Ẹtu tí kò mọ orúkọ ẹ! Ọdún mẹ́tàlá tí o ti ń jí kí àkùkọ tó jí!”

“Mo mọ̀.”

“Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹ, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ àárín ẹgbẹ́ àwọn ìyá?”

“Ojú tí o fi ń wò mí yìí náà ni. Ó tó dẹ́rù bà wọ́n.” Ó jókòó, ó bọ́ bàtà. “Ìyá Bímpé, ó dùn mí. Bí mo bá ronú pé ọwọ́ ẹlòmíì á lu irin tí mo fi èjìká mi rù wá, inú mi á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ṣe, mo sì mọ̀ pé ó dára. Ṣé kí n máa lu agogo pe èèyàn wá gbọ́ òtítọ́, kí èmi wá sá fún un?”

Morìnsọ́lá pòṣé. Ó bu oúnjẹ fún un. Nígbà tó yá ló ní, “Ó dáa. Bí wọ́n gba agogo, wọn ò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí mo lè bá wọn dì ọ́ lẹ́rù.”

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Titus lu agogo bó ṣe máa ń lù ú, kò fi ti ẹkún kún un. Lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin méje tẹ̀lé wọ́dìn àti kátíkíìsì, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ sí Odò Ẹlẹ́tu. Wọ́n ń kọrin lọ. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ó ní wọ́n ń lọ ja ogun. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀, orin náà rọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ mọ́.

Ààlè náà ń fì lórí ẹ̀ka. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀, eegun kan agolo, kó!

Wọ́dìn ní, “Ọláníyan, ìwọ lọ̀dọ́ jù. Tú u.”

Ọláníyan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fẹ́ gbé agogo fún, ní ìyàwó òun lóyún, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní kí ẹni tó tẹ̀ lé e tú u. Ó ní ọwọ́ ń dun òun láti àná. Ẹlòmíì ní òun ò ga tó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka náà ò ga ju àyà lọ. Gbogbo wọn wá wo kátíkíìsì. Kátíkíìsì wo aṣọ oyè funfun ọrùn rẹ̀, ó ní kò yẹ kí irú aṣọ yìí fara kan irú nǹkan báyẹn. Ó ku wọ́dìn Ajíbádé. Ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sókè, ó nà án sí ààlè náà, ọ̀pá ku bí ìka mẹ́ta kó kàn án, ó dúró. Òógùn bò ó níwájú orí. Ó gbé ọ̀pá náà sọ̀ kalẹ̀.

Titus tó bá wọn wá ti jókòó sórí òkúta, ó ń wò wọ́n. “Mo ti sọ fún yín pé n ò pe nǹkan kan sí i.”

Gbogbo wọn tún sún sẹ́yìn.

“Ó dáa.” Titus dìde, ó tú okùn náà fúnra rẹ̀. Ó gbé ìkarahun lé orí ara rẹ̀, ó fi ìgbálẹ̀ gbígbó gbá àyà ẹ̀wù ìsìn rẹ̀. Ẹnì kan kígbe pé, “Jésù!”

“Ẹ wò mí, n ò kú,” ni Titus wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń ga. “Ṣúkù àgbàdo ni! Ìgbálẹ̀ ilé mi ni! Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi la ń sọ pé Ọlọ́run ló dá odò, òun ló dá ẹtu, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù Ọlọ́run náà ò bà wá débi tí a ò fi ní í da agolo lé wọn lórí. Ṣúkù àgbàdo la wá bẹ̀rù!” Ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. “Mo ní ọwọ́ mi ò ní í tú u, mo wá tú u nítorí yín. Ó ti kúrò bí ẹ ṣe fẹ́. Láti òní lọ, ìjọ ló ń ṣọ́ ibí. Ta ni yóò máa dúró níbí láàárọ̀?”

Wọ́dìn Ajíbádé ń wo agolo tó wà nílẹ̀, ó ń wo eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó há sínú rẹ̀.

“Ilé mi,” ló wí. “Nínú agbọ̀n mẹ́rin tí wọ́n ń dà síbí, mẹ́ta ti ilé mi wá. Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbọ́ gbogbo ìwàásù, wọ́n ń dà á. Ọjọ́ tí wọ́n rí nǹkan yìí ni wọ́n jáwọ́.” Ó nu òógùn ojú rẹ̀. “Èmi gan-an jáwọ́. Titus, so ó padà.”

“Wọ́dìn!” ni Kátíkíìsì wí.

“Ẹ jẹ́ kó so ó padà, Kátíkíìsì. Ọjọ́ tí ìwàásù bá dé etí odò yìí, a ó tú u.”

“Agogo ńkọ́?” ni Ọláníyan bi í láti ẹ̀yìn.

“Agogo wo? Ta ló gba agogo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?”

Kátíkíìsì mí kanlẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn, ó kọjú sí afárá. “Èmi ò rí nǹkan kan o,” ló wí. “Ojú irin ni mò ń wò.”

Titus kó ààlè nílẹ̀, ó tò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fa okùn rẹ̀ gùn. Ẹ̀ka náà ń mì. “Bàbá,” ló wí fún wọ́dìn, “ẹ bá mi di ẹ̀ka yìí mú kí n lè so ó dáadáa.”

Wọ́dìn Ajíbádé na ọwọ́ méjèèjì, ó di ẹ̀ka igi náà mú, ó sì dijú pinpin títí Titus fi so ó tán.